Géèmù olówó oṣooṣù àti géèmù "ọ̀fẹ́" tó ń ta ọjà nínú: èwo ló ń jẹ owó wa jù n'Íbàdàn?

Mókọ́lá_Ranger
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń yọjú lábẹ́ àkòrí mìíràn, ariwo sì máa ń gbà á kó tó dé ibì kankan. Ẹ jẹ́ ká fún un ní àyè tirẹ̀ lónìí.

World of Warcraft (WoW) ń gba 14.99 dọ́là lóṣù. Final Fantasy XIV (FFXIV) ń gba 12.99 tàbí 14.99. Bí o kò bá san, o kò lè kọjá apá ìdánwò ọ̀fẹ́ inú wọn. Genshin Impact àti Albion Online ní tiwọn kò gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ń bẹ nínú wọn. Àwọn kan ní owó oṣooṣù ni ìrẹ́jẹ, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù inú géèmù ni. Fún ẹni tó ń gbowó ní náírà, tó ń gbé n'Íbàdàn, tí NEPA ń múná lọ nígbà tó bá wù wọ́n, èwo ló sàn? Mo bẹ yín, ẹ má kàn kọ "ó ti wọ́n jù". Ẹ kọ iye.

BàbáOníṣirò
Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó oṣooṣù, torí òun ló rọrùn láti ṣírò. Ká fi dọ́là kan sí 1,500 náírà. 14.99 dọ́là di 22,485 náírà. Bí wọ́n bá fi VAT 7.5% lé e, ó sún mọ́ 24,200. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ́dọ̀ ìjọba Ọ̀yọ́ jẹ́ 80,000, nítorí náà géèmù kan péré ti mú ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń gba iye tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn là sílẹ̀, 7.25 dọ́là ní wákàtí kan, yóò fi iṣẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ san án. Iye kan náà ni, ẹrù rẹ̀ kò dọ́gba lórí ẹni méjèèjì.

Kì í sì í ṣe Blizzard, ilé iṣẹ́ tó ni World of Warcraft, ló fowó kún un. 14.99 ni láti ìgbà tí géèmù náà ti jáde ní oṣù kọkànlá 2004. Náírà ló wálẹ̀. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là ń lọ ní nǹkan bí 460 ní báńkì, ìyẹn ni pé bíi 6,900 náírà lèèyàn ń fi san oṣù kan nígbà náà.

Ẹ wá pín in sí wákàtí. Ẹni tó ń gbá géèmù fún wákàtí 60 lóṣù ń san 375 náírà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ráyè ju wákàtí 20 lọ ń san 1,124. Ẹ wo iná náà pẹ̀lú, torí a kì í kà á mọ́ ọn. Láptọ́ọ̀pù géèmù tó ń fa wáàtì 120 yóò jẹ yúníìtì 7.2 ní wákàtí 60. Lórí Band A, tí yúníìtì kan bá wà ní 210 náírà, kò ju 1,512 lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ó ń mu bí ìdajì lítà ní wákàtí kan. Bí lítà bá jẹ́ 900 náírà, 450 náírà ni wákàtí kan. Ìlọ́po 60 rẹ̀ jẹ́ 27,000. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: epo bẹntiróòlù ti ju owó géèmù lọ. Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ gbá géèmù tó sì ń pariwo pé 14.99 ni olè, ibi tí owó ti ń jò kọ́ ló ń dí yẹn.

Ohun tó dùn mí nínú owó oṣooṣù ni pé ọjọ́ ló ń kà, kì í ka wákàtí. Bí tíráńsífọ́mà àdúgbò bá jó lọ́jọ́ kẹta oṣù, tí wọn ò tún un ṣe títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ nínú ohun tẹ́ ẹ sanwó fún. Kò sẹ́ni tó máa dá a padà.

Àjọkẹ́_Bódìjà
Ẹ ṣeun, bàbá, ìṣirò yín pé. Ṣùgbọ́n owó tí a rí ṣì sàn ju owó tí a kò rí lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣe ti apá kejì.

Genshin Impact jáde ní 28 oṣù kẹsàn-án 2020. Bíi tẹ́tẹ́ lo ṣe ń fa akọni tuntun nínú rẹ̀, primogem (owó inú géèmù náà) 160 ni ìfà kan. Kí ìfà kan mú akọni oníràwọ̀ márùn-ún (ìpele tó ga jù) wá jẹ́ 0.6%, ìyẹn mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún. Bí o bá fà á ní ìgbà 89 tí kò jáde, ìfà 90 gbọ́dọ̀ mú un jáde. Àmọ́ ẹni tó jáde yẹn lè má ṣe ẹni tí o ń wá. Bí ẹyọ owó tí a sọ sókè ló rí. Wọ́n fi díẹ̀ kún oríire rẹ̀ ní 2024, síbẹ̀ ó ṣì lè já sí òdì. Tó bá já sí òdì, o tún bẹ̀rẹ̀ ìfà 90 mìíràn. Gbogbo rẹ̀ di ìfà 180, primogem 28,800.

Àpò tó tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù wọn jẹ́ 99.99 dọ́là, Genesis Crystal (kírísítálì) 8,080 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń di primogem kan. Mẹ́rin lo máa rà. 400 dọ́là, 600,000 náírà, fún akọni kan ṣoṣo, ohun ìjà rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí o máa ra irú àpò náà, wọ́n ń sọ ti àkọ́kọ́ di 12,960, mẹ́ta sì lè tó, ìyẹn 450,000. Ẹ pín 600,000 sí 22,485 tí bàbá kọ: ó ju ọdún méjì World of Warcraft lọ.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe fi aṣọ bò ó. Náírà rẹ kọ́kọ́ di Genesis Crystal, Genesis Crystal di primogem, primogem di Fate tí a fi ń fà. Ìpele mẹ́ta. Nígbà tí o bá dé ìpele kẹta, o ti gbàgbé iye tí o san. Àpò tó kéré jù, 0.99 dọ́là, kírísítálì 60 ló wà nínú rẹ̀. Ìfà kan sì ń gba 160. O ní láti ra mẹ́ta kó tó tó ìfà ẹyọ kan, 20 yóò sì ṣẹ́ kù tí kò wúlò fún nǹkan kan, àfi kí o tún ra òmíràn lé e. Kì í ṣe àṣìṣe. Bí wọ́n ṣe gé e nìyẹn kí ìyókù lè máa yọ ọ́ lẹ́nu.

Ọmọ_Òkè-Àdó
Kò sẹ́ni tó fipá mú ẹnikẹ́ni fa ìfà 180 o. Èèyàn lè gbá Genshin fún ọdún mẹ́rin láìsan náírà kan, kó sì rí gbogbo ìtàn inú rẹ̀ parí. WoW ńkọ́? Ẹ gbìyànjú kí ẹ má san oṣù kan, ká wo ibi tẹ́ ẹ máa dé.

Àjọkẹ́_Bódìjà
Òótọ́ lo sọ, mi ò jiyàn. Ẹni tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, "ọ̀fẹ́" ló dára fún un jù, n ó sọ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu ni ṣọ́ọ̀bù náà ń wá, òun ni wọ́n sì gbé e kalẹ̀ fún. Owó oṣooṣù kì í bá a jà lọ́gànjọ́ òru. Ó gba tirẹ̀, ó lọ.

Bó bá sì jẹ́ dandan kéèyàn san díẹ̀ nínú Genshin, Welkin Moon ni kó rà, 4.99 dọ́là. Ó ń fún ọ ní kírísítálì 300 lójú ẹsẹ̀, àti primogem 90 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,000, ó sún mọ́ ìfà 19. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí o kò bá wọlé, 90 ọjọ́ yẹn sọnù. Má sì gbàgbé pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àtúnṣe ńlá ń wọlé. Bí dátà rẹ bá tán lọ́jọ́ yẹn, ìwọ kò ní lè wọlé rárá títí tí o fi máa rí dátà gba gbogbo rẹ̀ sórí fóònù.

Olórí_Ẹgbẹ́
Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ ọ́ bíi pé ọ̀nà méjì péré ló wà. Ọ̀nà kẹta wà, òun sì lọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní dọ́là ń tọ̀: kéèyàn fi iṣẹ́ inú géèmù san owó géèmù.

WoW Token ni ẹ jẹ́ ká fi ṣàpẹẹrẹ, oṣù kẹrin 2015 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní Amẹ́ríkà tí kò ráyè wá góòlù, owó inú géèmù, san 20 dọ́là fún token kan, ó gbé e lọ sí Auction House, ọjà inú géèmù náà. Ìwọ tí o ní àyè ṣùgbọ́n tí dọ́là ò sí lọ́wọ́ rẹ fi góòlù rà á. O lè sọ ọ́ di ọjọ́ 30, tàbí 15 dọ́là nínú àpò owó rẹ lọ́dọ̀ Blizzard (Battle.net). Kì í ṣe ẹni tó ń tà ló ń dá iye góòlù rẹ̀. Blizzard ló ń dá a, ó ń gòkè ó sì ń sọ̀ bí àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà bá ṣe pọ̀ sí. Ẹni tó bá fi góòlù rà á kò lè tún un tà. Ẹ kíyè sí i: oṣù kan tí ìwọ ìbá san 14.99 fún ti mú 20 dọ́là wọlé fún wọn láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gbà nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń gbá WoW lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tirẹ̀ gan-an ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn.

Géèmù EVE Online náà ní irú token bẹ́ẹ̀, PLEX, láti 2008. Ní báyìí PLEX 500 ló ń ra ọjọ́ 30 Omega (àsansílẹ̀ rẹ̀), ọjà gbangba ló sì ń dá iye rẹ̀ ní ISK, owó inú géèmù náà. Géèmù Old School RuneScape ní tirẹ̀, bond, ọjọ́ 14 ni ọ̀kan. Albion Online ń jẹ́ kí o fi silver, owó inú rẹ̀, ra góòlù, kí o fi góòlù ra Premium, àsansílẹ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀ rèé. Pín iye góòlù token sí iye góòlù tí ìwọ ń rí ní wákàtí kan. Ká ní token wà ní 300,000, ìwọ sì ń rí 15,000 ní wákàtí. Wákàtí 20. Pín 22,485 náírà sí 20, ìyẹn 1,124 náírà ni iṣẹ́ wákàtí kan rẹ. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lo ń tàn, yọ 450 bẹntiróòlù kúrò, ó ku 674. Tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ níta bá ń fún ọ ju ìyẹn lọ ní wákàtí, lọ ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ, fi náírà san géèmù, kí o sì fi ìrọ̀lẹ́ rẹ gbádùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ìṣirò yìí. Wọn á fi wákàtí 20 wa irin tí inú wọn kò dùn sí, kí wọ́n lè rí wákàtí 10 gbá ohun tí wọ́n fẹ́ràn.

BàbáOníṣirò
Olórí, ibí yìí lọ̀rọ̀ wà. Ẹ fi kún un pé token tí a kò tíì lò kì í ka ọjọ́. Èyí ló wo ọgbẹ́ tíráńsífọ́mà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Olórí_Ẹgbẹ́
Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Bond lè wà nínú báńkì inú géèmù fún ọdún kan. PLEX náà lè wà nínú àpò. Ọjọ́ tí o bá tẹ̀ ẹ́ pé kó ṣiṣẹ́ ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní bond mẹ́ta nínú báńkì kò ní í bẹ̀rù òkùnkùn. Á dúró kí iná padà, á wá tẹ ẹyọ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Owó oṣooṣù tí wọ́n ń yọ lára káàdì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ tó rà á, torí inú rẹ̀ ń dùn. Má ṣe bẹ́ẹ̀.

Dùgbẹ̀_Tech
Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìsanwó, torí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀.

Káàdì náírà: ní 2022 àwọn báńkì gé ìnáwó ilẹ̀ òkèèrè wá sí 20 dọ́là lóṣù, nígbà tó fi máa parí ọdún náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dá a dúró pátápátá. Ní 2025 àwọn kan tún ṣí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì yín kí ẹ tó fi káàdì sórí àkáǹtì. Níbi tí ààlà bá ṣì wà ní 20, WoW kan wọlé síbẹ̀. EVE kò wọlé: láti oṣù karùn-ún 2022 ni wọ́n ti gbé e láti 14.99 lọ sí 19.99, bí VAT 7.5% bá sì gun orí rẹ̀, ó di 21.49. Káàdì á kọ̀, ìwọ á máa rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni.

Káàdì dọ́là orí fóònù: ohun tó ń pa á ni kí owó inú rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Bí géèmù bá jẹ́ 14.99, fi tó 18 sí i, torí VAT àti owó ìlò káàdì. Àwọn tó ń ṣe irú káàdì yìí máa ń gba owó ìtanràn lórí ìsanwó tó bá kùnà, bó bá sì kùnà lẹ́ẹ̀mélòó kan, wọ́n á ti káàdì náà pa. Èyí tó burú jù ni kí èèyàn gbàgbé pé àsansílẹ̀ máa ń tún ara rẹ̀ san. Ilé iṣẹ́ géèmù á gbìyànjú lórí káàdì tó ṣófo lónìí, lọ́la, lọ́tunla, ìtanràn ń gun ara wọn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí o bá san gan-an ni kí o lọ fagi lé ìtúnsan. Ọjọ́ 30 tí o ti san kò ní í lọ, WoW, FFXIV àti Elder Scrolls Online (ESO) ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àdírẹ́sì: ibi tí fọ́ọ̀mù bá ti béèrè àdírẹ́sì káàdì, èyí tí àwọn tó fún ọ ní káàdì kọ sójú ìwé wọn ni kí o kọ, lẹ́tà fún lẹ́tà, kì í ṣe ilé rẹ ní Sámọńdà. Bí kò bá bára mu, wọ́n á kọ̀ ọ́.

Má ra góòlù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lórí WhatsApp. Wọ́n á ti àkáǹtì pa. Má sì ra káàdì ọjọ́ olówó pọ́ọ́kú láìmọ orísun rẹ̀. Tó bá jẹ́ káàdì olókàádì tí wọ́n jí ni wọ́n fi rà á, wọ́n á fagi lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọjọ́ rẹ á sì lọ. Káàdì ọjọ́ WoW ti Amẹ́ríkà kò ṣiṣẹ́ lórí àkáǹtì Yúróòpù. Tí o bá sì ní kí báńkì dá owó padà lẹ́yìn tí o ti lo ọjọ́ náà, àkáǹtì yẹn di títì.

Ọmọ_Òkè-Àdó
Ti Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù orí kọ̀ǹpútà, ńkọ́? Àwọn kan máa ń sọ pé kéèyàn yí orílẹ̀-èdè padà sí Tọ́kì, owó á wálẹ̀.

Dùgbẹ̀_Tech
Ọ̀nà yẹn ti dí. Ní 20 oṣù kọkànlá 2023 ni Steam gbé Tọ́kì àti Ajẹntínà kúrò lórí owó tiwọn, wọ́n fi wọ́n sórí dọ́là. Náírà kò sí lórí Steam, dọ́là ni tiwa. Káàdì tí o bá fi sanwó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí o yàn.

ÀgbàGéèmù
Mókọ́lá, ìjà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ gbà mí láyè kí n to díẹ̀ nínú rẹ̀, torí a ó rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ àti ohun tí kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní oṣù kẹrin 2006, ilé iṣẹ́ Bethesda ta ìhámọ́ra ẹṣin inú géèmù Oblivion ní 2.50 dọ́là. Géèmù ẹnì kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ bínú. Wọ́n bínú, wọ́n sì rà á. Ní oṣù kẹrin 2010, Blizzard ta Celestial Steed, ẹṣin kan inú WoW, ní 25 dọ́là fún àwọn tó ti ń san 14.99 lóṣooṣù tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún bínú, ìlà àwọn tó fẹ́ rà á sì gùn. Ohun tí ilé iṣẹ́ kọ́ nínú méjèèjì ni pé ariwo kì í dín owó kù.

EVE Online yàtọ̀. Ní oṣù kẹfà 2011, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ, wọ́n fi awò ojú kan síbẹ̀ tí iye rẹ̀ tó 60 dọ́là. Ìwé inú ilé iṣẹ́ sì jáde síta tó fi hàn pé wọ́n ń gbé e yẹ̀ wò láti ta ohun tó lágbára nínú ogun. Àwọn agbágéèmù kò kọ̀wé nìkan. Wọ́n kó ọkọ̀ wọn lọ sí Jita, ibi tí ọjà tó tóbi jù nínú géèmù náà wà, wọ́n ń yìnbọn sí ère kan níbẹ̀ tí kò lè fọ́, títí ètò fi ń falẹ̀ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣòwò. Wọ́n tún fagi lé àsansílẹ̀ wọn. CCP, ilé iṣẹ́ tó ni EVE, ní láti pe ìgbìmọ̀ tí àwọn agbágéèmù dìbò yàn wá sí Áísílándì fún ìpàdé, ọ̀gá àgbà wọn sì tọrọ àforíjì nígbà tó yá lọ́dún yẹn kan náà. Àsansílẹ̀ tí wọ́n fagi lé ló ṣiṣẹ́. Ibọn inú géèmù kàn jẹ́ kí gbogbo ayé rí i ni.

Old School RuneScape náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013: nǹkan tuntun kì í wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn tó ń sanwó dìbò sí i, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì gbọ́dọ̀ gbà. Ní oṣù kìíní 2025, Jagex, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà, fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ nípa oríṣi àsansílẹ̀ tuntun, ìpolówó ọjà wà nínú àbá náà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé tiwọn, ilé iṣẹ́ sì sáré tọrọ àforíjì.

Ìyẹn ni mo ṣe fara mọ́ owó oṣooṣù ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù ní nǹkan kan tó lè fà sẹ́yìn. Nínú géèmù ọ̀fẹ́, ẹni tí kò ra nǹkan kan kò ní ohun tó máa fà sẹ́yìn, ẹni tó ń ra ohun gbogbo kò sì fẹ́ fà á.

Àjọkẹ́_Bódìjà
Àgbà, ẹ ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká yìn wọ́n jù, torí àwọn kan ń gba méjèèjì pọ̀. Ẹ wo Elder Scrolls Online. Ó jáde ní oṣù kẹrin 2014 pẹ̀lú owó oṣooṣù, wọ́n yọ ọ́ ní oṣù kẹta 2015. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ESO Plus sílẹ̀, 14.99, inú rẹ̀ sì ni craft bag (àpò ohun èlò) wà. Ẹ mọ bí géèmù náà ṣe rí: ẹ rìn kọjá lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ já ewé, ẹ wa irin, ẹ bẹ́ igi, ẹ tú aṣọ àtijọ́ palẹ̀. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ń gba àyè tirẹ̀. Wákàtí kan kò tíì pé, àpò ti kún, ẹ ti ń dúró ní iwájú báńkì, ẹ ń ro ohun tẹ́ ẹ máa jù nù. Craft bag ń gba gbogbo rẹ̀ láìní ìwọ̀n. Tí àsansílẹ̀ bá tán, ẹ lè mú nǹkan jáde nínú rẹ̀, ẹ kò lè fi sí i mọ́. Àwọn ló dá ìnira náà sílẹ̀, àwọn náà ló ń ta oògùn rẹ̀. Èyí ni inú mi kò dùn sí.

Ìyá_Táíwò
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ ń fi fóònù mi gbá irú géèmù yìí, mo sì ń rí i pé géèmù lè yọ owó lára airtime. Báwo ni mo ṣe máa tì í pa?

Dùgbẹ̀_Tech
Ẹ kú ilé, mà. Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè lápá ọ̀tún, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Purchase verification. Ẹ yàn án pé kó máa béèrè fún gbogbo ìrajà, kó má jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kí àmì ìka ọwọ́ àwọn ọmọ wà lára èyí tó ń ṣí fóònù náà.

Lẹ́yìn náà, ní abẹ́ àwòrán yín kan náà, ẹ wọ Payments and subscriptions, ẹ yọ káàdì àti ìsanwó airtime kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní nǹkan, ẹ ra gift card Google Play oníye kékeré. Tí ó bá tán, ó tán. Bí owó bá ti lọ, ẹ béèrè ìdápadà láàárín wákàtí 48. Bí ó bá kọjá ìyẹn, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ géèmù fúnra rẹ̀ lẹ máa lọ, ó sì máa ń nira.

Àjọkẹ́_Bódìjà
Mà, ti ọmọdé ni mo fẹ́ kí a gbé lọ síwájú. Bẹ́ljíọ̀mù sọ ní oṣù kẹrin 2018 pé àpótí tí a ń fowó rà láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ tẹ́tẹ́. Nígbà tí géèmù Diablo Immortal ti Blizzard jáde ní 2022, wọn kò gbé e dé Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálándì rárá. Ní oṣù kìíní 2025, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà bá àwọn tó ń ta Genshin yanjú ẹjọ́: 20 mílíọ̀nù dọ́là, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ta àpótí oríire fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i.

Tiwa ńkọ́? Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ ní 22 oṣù kọkànlá 2024 pé ọ̀rọ̀ lọ́tìrì jẹ́ ti ìpínlẹ̀, kì í ṣe ti Abuja. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí a ní irú òfin Bẹ́ljíọ̀mù, Agodi níbí ni ìwé máa lọ, sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wa. Kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Mókọ́lá_Ranger
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ di ọ̀kan ṣoṣo: fóònù Android ni, wákàtí méjì lálẹ́, ìwọ̀nba dátà, kò sí káàdì dọ́là. Níbo ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀?

Olórí_Ẹgbẹ́
Old School RuneScape. Ó wà lórí fóònù láti 2018, kò tóbi, dátà tó ń jẹ kéré. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ fún ìlú wa ni pé ìṣẹ́jú àáyá 0.6 ni géèmù náà fi ń mí: ohun tí o bá tẹ̀ á dúró de èémí tó kàn. Nẹ́tíwọ̀kì wa sí Yúróòpù máa ń ju 100 mílísẹ́kọ̀ńdù lọ, nínú géèmù tó ń fẹ́ ìyára, o ti kú kí o tó rí ohun tó pa ọ́. Níbí, kò ní í hàn. Yan world (sáfà) UK tàbí Jámánì, má yan ti Amẹ́ríkà.

Àkáǹtì ọ̀fẹ́ tuntun ní ìdènà lórí òwò. O gbọ́dọ̀ gbá a fún wákàtí 20, kí o ní quest point 10 (àmì tí a ń rí nínú quest, iṣẹ́ tí géèmù ń gbé fún ọ), kí gbogbo ìpele rẹ pa pọ̀ jẹ́ 100. Ní wákàtí méjì lálẹ́, ọjọ́ mẹ́wàá ni. Ṣe àwọn quest kéékèèké ní Lumbridge àti Varrock, ìlú inú géèmù náà, ní àkókò yẹn. Lẹ́yìn náà, wá owó bond. Àyè mẹ́ta péré ni ẹni ọ̀fẹ́ ní lórí Grand Exchange (ọjà inú géèmù), ẹni tó sanwó ní mẹ́jọ, nítorí náà má fi ọjà tí kì í tètè tà dí wọn. Kó owó bond àkọ́kọ́ jọ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló máa ń pẹ́ jù. Bí o bá ti di ọmọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ tó ń mówó wá pọ̀ sí i, bond kejì kì í pẹ́ bíi ti àkọ́kọ́.

Má fi bond àkọ́kọ́ ṣòfò lórí ọ̀sẹ̀ ìdánwò tàbí ọ̀sẹ̀ tí iná kò dára. Jẹ́ kó jókòó sí báńkì.

Mókọ́lá_Ranger
Bí mo bá rà á, tí mo wá rí i pé owó náà wúlò síbòmíràn nínú géèmù, ṣé mo lè tún un tà?

Olórí_Ẹgbẹ́
O lè tún un tà, ṣùgbọ́n bond tí a rà lórí Grand Exchange kì í ṣeé tà mọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀ kí ó tó padà di èyí tó ṣeé tà. Bí iye rẹ̀ kò bá tíì fi ju 10% lọ gòkè láti ọjọ́ tí o ti rà á, o ti pàdánù. Nítorí náà, ìgbà tí owó bond bá pé tán lọ́wọ́ rẹ, tí díẹ̀ sì ṣẹ́ kù lé e fún ohun èlò, ni kí o tó rà á.